Àwo Fàdákà Ìyá Múnífá

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Olóògbé ọkọ Ìyá Múnífá ló ra àwo fàdákà àtijọ́ kan bọ̀ láti ilẹ̀ Páṣíà. Ọkùnrin kan láti inú orin ìfẹ́ àwọn ará Páṣíà ni wọ́n fín sí i, ó kúnlẹ̀ fún olólùfẹ́ rẹ̀. Bàbá a máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Èmi àti ìwọ nìyẹn."

Sàlámátù, ìyàwó ọmọ wọn, ń wá ojúure ìyá ọkọ. Ó fi aṣọ nu àwo náà, ó mọ́. Ó tún bu eérú àti yanrìn, ó ń ha á bí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ìyàwó, ó tó!" ni ìyálé rẹ̀ wí.

"Ìyálé mi, dúdú ojú àwòrán ò tíì lọ."

Nígbà tó dán bíi dígí, ó gbé e fún ìyá.

Ìyá wò ó títí. "Ojú arúgbó ni mo rí. Ọkọ mi dà?"