Agbè Ìyá Àwẹ̀ró

Láyé ìgbà tí agbè ni wọ́n fi ń gbé ọtí, obìnrin mẹ́fà ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní abúlé Ìdí-Ìyeyè. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a rẹ ẹ́ sómi, wọn a jẹ́ kó hù, wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, lẹ́yìn náà wọn a dà á sínú ìkòkò títí yóò fi máa hó fúnra rẹ̀ láìsí iná nídìí rẹ̀. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù láàrin wọn. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló kọ́kọ́ pọn ọtí lábúlé náà, nígbà tí ìyá náà sì kú, ohun méjì péré ló fi sílẹ̀ fún un: ìkòkò ọtí kan tó dúdú bí èédú, àti agbè ńlá kan tó ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti ń gbé e láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ènìyàn a máa ti oko jíjìn wá mu ọtí Àwẹ̀ró. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká sòótọ́, ó mọ̀ ọ́n jù.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Ọyáníkẹ̀ẹ́, tí í ṣe àgbà àwọn olọ́tí, pe gbogbo wọn jọ sí àgbàlá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ojú tì mí níbi ọdún ìjẹṣu tó kọjá. Àlejò mu ní ilé kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dé ilé kejì, ó tu ú dànù. Wọ́n ní bí ènìyàn bá dé Ìdí-Ìyeyè, kó kọ́kọ́ bèèrè ilé kó tó bèèrè ọtí. Lọ́dún yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa yóò gbà pọn ọn. Bó bá di ìtàdógún òní, kí oníkálukú gbé agbè kan wá síbí, ká ṣe pàṣípààrọ̀. Kí ẹ tọ́ ti ara yín wò lójú ara yín, kí ẹ sì sọ òótọ́."

"Ọ̀nà ta ni ká wá tẹ̀lé, Ìyá?" ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ti yí sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró kó tó bèèrè tán.

Àwẹ̀ró kò dúró kí wọ́n bẹ òun. "Igbá àgbàdo pupa mẹ́ta, igbá ọkà bàbà kan," ó ní. "Ọjọ́ méjì nínú omi, ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ ewé kó fi hù. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ lórí. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sí ìkòkò, ó di ọjọ́ kẹta. Ó parí. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dáa, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó bá wí." Ó wá kọjú sí Abẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin ilé nínú agbo ilé kan náà, ṣùgbọ́n tí Àwẹ̀ró ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Nítorí ọtí tìẹ yẹn, mo sábà máa ń rò pé omi tí wọ́n fi ṣan àwo ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Abẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú.

"Mo gbọ́, ìyálé mi," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́yin náà bá wa fọ ìkòkò yín o. Ohun tó ti dì mọ́ ìdí rẹ̀ látọjọ́ yìí, bí a bá gbin tẹ̀tẹ̀ sí i, á hù."

Ẹ̀rín tọ̀tẹ̀ yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá Ọyáníkẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó! Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó ṣe pàṣípààrọ̀ láàrin ara yín. Ẹnu tó ń bú ọtí ẹni ẹlẹ́ni, kó tọ́ ọ wò."

Ẹ̀rín yẹn tẹ̀lé Àwẹ̀ró délé. Ó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ki, tó ń ta òórùn kíkan. Kò rí i rí kí ìyá òun fọ ìkòkò náà dé ìdí, òun náà kò sì fọ̀ ọ́ rí. Kò bèèrè ìdí rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, ó bu yanrìn, ó bu eérú, ó mú kànrìnkàn, ó gbé omi kaná. Ó ha ìkòkò náà títí ó fi dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Ó fi omi gbígbóná fọ inú agbè náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó da gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ sẹ́yìn ògiri.

"Kí Abẹ́gbẹ̀ẹ́ wá wò ó báyìí," ó ní.

Nígbà tí àgbàdo rẹ̀ hù tán tó sì gbẹ, ó lọ̀ ọ́, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sí ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, ó fi etí lé ara ìkòkò. Tẹ́lẹ̀, bí òjò wínníwínní lórí ewé ló máa ń dún. Kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣí i. Ọtí náà dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń fà yọ̀ọ̀, ó ń rùn bí ògì tí wọ́n gbàgbé. Ó bù ú fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Ìgbà náà ló yé e. Ìdí ọtí àná ló ń jí ọtí òní. Ohun tí òun fi yanrìn ha, tí òun dà sẹ́yìn ògiri, ni ọwọ́ ìyá òun tó ṣẹ́kù láyé. Àwẹ̀ró jókòó ti ìkòkò náà. Ẹkún kò tilẹ̀ wá.

Ìtàdógún ku ọ̀la. Kò sí àyè àtirẹ àgbàdo mìíràn. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń gbọ́ ìkòkò Abẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń hó lódìkejì àgbàlá. Bó bá lọ síbẹ̀ tó ní, "Ìyàwó, ṣàánú mi, bu ọtí fún mi," ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n báwo lòun yóò ṣe lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí òun pe ọtí rẹ̀ ní omi ìṣan-àwo? Ó ro ọ̀nà mìíràn. Òun yóò pọn omi kún agbè, òun yóò fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, òun yóò sì fẹsẹ̀ kọ òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá Ìyá Ọyáníkẹ̀ẹ́. Agbè tó bá fọ́ kì í rojọ́. Ilẹ̀ tó bá mu omi kì í sọ ohun tó mu.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe é. Nígbà tí oòrùn ta lọ́jọ́ kejì, àwọn yòókù ti péjọ kó tó dé. Ó dé ibi òkúta náà, ó kọ ọ́, ó ṣubú. Ṣùgbọ́n bí agbè ti kúrò lórí rẹ̀, ó rí ibi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti mú kí ọrùn agbè náà máa dán, ọwọ́ tirẹ̀ sì ṣe ohun tí kò rán an. Ó nà, ó ti agbè náà kúrò lójú òkúta. Orí òkìtì èèpo àgbàdo ló bọ́ sí. Ṣùkù ẹnu rẹ̀ fò yọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dànù gbuu.

"Yéè! Ọtí Àwẹ̀ró o!"

"Ẹ gbé e! Ṣé orúnkún ò yẹ̀?"

Abẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ orúnkún Àwẹ̀ró. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyálé mi. Ẹ wo agbè tèmi, a ó pín in sí méjì. Ọ̀nà tiyín ni mo tẹ̀lé, tiyín náà ni." Ó yọ ìdérí rẹ̀. Òórùn tó jáde níbẹ̀ ni òórùn ilé ìyá Àwẹ̀ró gan-an.

Àánú yẹn dùn ún ju òkúta lọ.

Ìyá Ọyáníkẹ̀ẹ́ ti gbé agbè tó ṣubú náà. Ó da èyí tó kù nídìí rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì lá a. Ó wo òkìtì èèpo náà. Kò sí ìfófòó níbẹ̀, kòkòrò kan kò sì bà lé e. Ó padà jókòó, ó gbé agbè náà sí orí itan.

"Àwẹ̀ró."

"Ìyá."

"Kí ló dànù?"

Àwẹ̀ró mọ̀ pé ìyá arúgbó náà ti mọ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá wí pé ọtí ni, ìyá náà kò ní jiyàn, yóò kàn gbé agbè náà lé òun lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀.

"Omi ni, Ìyá," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó sọ ti yanrìn, ó sọ ti eérú, ó sọ ti ewúrẹ́. Ó dé orí ọ̀rọ̀ òkúta, ó sọ ìyẹn náà. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni."

"Háà!" ni obìnrin kan wí. "Àwa tí a ti ń ṣọ̀fọ̀ omi látẹ̀ẹ̀kan!" Òmíràn pòṣé. Àwẹ̀ró kò gbójú sókè.

Abẹ́gbẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹnu mi ló fà á," ó ní. "Àwàdà ni mo fi ṣe, ìyálé mi. Èmi fúnra mi, ìgbà wo ni mo fọ tèmi rí?"

"Ta ló ń fọ̀ ọ́ nínú yín?" ni Ìyá Ọyáníkẹ̀ẹ́ bèèrè. Gbogbo wọn mi orí pé kò sí. "Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́, a kì í rántí kà á. Àwẹ̀ró ka gbogbo rẹ̀ fún wa, ó fo ìdí ìkòkò, èyí tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Èmi náà jókòó síbí, n kò rántí."

"Kí la ó wá fi agbè òfìfo ṣe, Ìyá?" ni ẹni tó pòṣé wí.

Ìyá Ọyáníkẹ̀ẹ́ fi ìka kan agbè náà: kó, kó. Ó dún gbánrangbánran, kò sán níbì kankan. "Omi ló dànù," ó ní, "agbè ò fọ́."

Ó fa agbè ọtí tirẹ̀ mọ́ra, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú ti Àwẹ̀ró. Ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà á, ẹni tó pòṣé náà dà á. Abẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kẹ́yìn, tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ gbà á. Ó gbé e lọ sílé, orí rẹ̀ wà nílẹ̀ títí ó fi wọlé.

Ní ọdún ìjẹṣu náà, àwọn àlejò mu ní ilé kan, wọ́n mu ní ilé kejì, wọn kò mọ ìyàtọ̀. Títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, bí Àwẹ̀ró bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọtí pípọn, ìdí ìkòkò ló ń fi bẹ̀rẹ̀. Kò sì lè kọjá níbi òkúta yẹn kí ojú má tì í. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ojú bá ti ẹlòmíràn lábúlé náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe fún ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ títí di òní pé: omi ló dànù, agbè ò fọ́.