Ọkọ̀ tí Erin àti Ẹfọ̀n Jọ Fà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé etí odò, ó yà sílé Ìjàpá.

Ọdún kan wà tí oúnjẹ tán nínú igbó. Òdìkejì odò nìkan ni iṣu kù sí. Àwọn ẹranko bá fi igi ìrókò gbẹ́ ọkọ̀ ńlá kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ tán nínú igbó, ó ku kí wọ́n fà á dé odò, ìjà dé. Erin ní èbúté tòun lápá òkè odò ni ọkọ̀ yóò máa gbé. Ẹfọ̀n ní rárá, èbúté tòun nísàlẹ̀ odò ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn, ebi sì ń pa àwọn ọmọ wọn.

Ilé Ìjàpá wà láàárín èbúté méjèèjì. Ó so okùn méjì mọ́ igbá, ó fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀kan. Àwọn méjèèjì ń fà á síwájú, Yánníbo yà sọ́tùn-ún, òun yà sósì. Igbá kò tẹ̀lé Yánníbo, kò tẹ̀lé Ìjàpá. Àárín wọn ló gbà.

Ìjàpá ní, "Bí agbára wọn bá dọ́gba, ẹnu ọ̀nà wa ni ọkọ̀ ń bọ̀. Ẹni tí kò bá kí mi dáadáa kò ní wọ̀ ọ́."

"Erin lágbára ju Ẹfọ̀n lọ," ni Yánníbo fèsì.

"Màá fi Àgbọ̀nrín mẹ́fà kún Ẹfọ̀n."

Ó tọ̀ wọ́n lọ. "Ẹ̀yin àgbà, kí kálukú so okùn mọ́ ọkọ̀, kó fà á lọ sí èbúté tirẹ̀. Ibi tó bá dúró sí ni ilé rẹ̀." Wọ́n gbà. Ìjàpá padà síwájú ilé rẹ̀, ó dá orin. Ẹ bá mi gbè é dáadáa, nítorí iṣẹ́ ni àwọn yẹn ń ṣe.

Erin, fà á o,
Gbìrì, fà á.
Ẹfọ̀n, fà á o,
Gbìrì, fà á.

Ọkọ̀ ń bọ̀. Bí ó bá yà sápá Erin díẹ̀, Ìjàpá á ní kí àwọn Àgbọ̀nrín túbọ̀ fà. Ó ń bọ̀ tààrà. Ìgbà yẹn ni Ìjàpá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀ dà sódò. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ti dán igbá wò.

"Ẹ dúró o."
Gbìrì, fà á.
"Mo ní ẹ dúró o."
Gbìrì, fà á.

Wọ́n ṣèbí orin ni. Ọkọ̀ dé ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, okùn Erin dẹ̀, okùn Ẹfọ̀n dẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fà á mọ́, síbẹ̀ eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Yánníbo gbé ìkòkò ọbẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìjàpá na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń dá àlejò dúró. Nígbà tó yá, òun náà kúrò lọ́nà. Ọkọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó bọ́ sínú odò.

Erin wo ibẹ̀ títí. "Ibí yìí náà dára," ló wí. Ẹfọ̀n kò jiyàn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ wọn jẹ iṣu.

Ìdí nìyí tí èbúté fi di ti gbogbo ayé, tí Ìjàpá sì ń sùn sábẹ́ ewé gbígbẹ níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ohùn mi há nígbà tí mo bá tún fẹ́ dá orin.