Pàṣán Ojúde Baálẹ̀

Nígbà tí wọ́n na Adérera opó lójúde baálẹ̀ nítorí ọkùnrin tí wọ́n rí tó jáde ní yàrá rẹ̀, Mojírọ́lá ló pariwo jù: "Ẹ fi kún un!"

Kò pé ọdún kan, wọ́n fa ọmọbìnrin Mojírọ́lá wá síbẹ̀ pé ó lóyún láìlọ́kọ. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

Baálẹ̀ ní, "O ti gbàgbé ni? Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó."

Adérera já wọ àárín èrò, ó fi ara bo ọmọ náà. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kò tọ́ sí mi nígbà yẹn, kò tọ́ sí i lónìí."

Baálẹ̀ ju pàṣán sílẹ̀. Mojírọ́lá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Adérera, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ilẹ̀ ló ń wò.