Bí Orúkọ Dúródèmí Ṣe Gbòde ní Òkè-Àgbọ́n

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀ọ̀ọ̀!"

Ẹ́ẹ̀n, ìyẹn ló jọ ohùn èèyàn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó wọ igbó, ó yọ létí odò, ó wá lọ jókòó ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúródèmí.

"Dúró kí ni?"

Ìdòwú, o ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí gan-an ni gbogbo ará ìlú rẹ̀ ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín. Pa ẹnu dé kí o gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko ṣì jọ ń gbé pọ̀, tí wọ́n jọ ń lọ sóko, tí wọ́n jọ ń pọn omi lódò kan náà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Òkè-Àgbọ́n. Orúkọ ńláńlá ló kún ibẹ̀. Ọkùnrin tí kò bá jẹ́ ọlá yóò jẹ́ adé, èyí tí kò bá jẹ́ adé yóò jẹ́ akin. Dúródèmí nìkan ni orúkọ rẹ̀ dá yàtọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ.

Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́? Ọ̀nà oko ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Òjò ṣú, gbogbo èèyàn sá wálé. Bàbá obìnrin náà, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ mi, dúró dè mí!" Obìnrin náà dúró tòun ti oyún nínú. Ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú un, ọwọ́ bàbá arúgbó yìí ló sì bí ọmọ sí. Àṣà wọn ni pé ọmọ tí a bá bí sọ́nà, ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá bá ní, "Ká ní mi ò dúró ni, ta ni ìbá gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi? Dúródèmí ni yóò máa jẹ́."

"Orúkọ tó dáa ni, Ìyá Àgbà."

O rí i bẹ́ẹ̀, Sùúrù ọmọ mi. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Láti kékeré ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo lé e lórí: "Dúródèmí, ta lò ń dúró dè?" Wọ́n gbó, wọ́n hu irùngbọ̀n, wọn ò jáwọ́.

Àmọ́ orúkọ ń ro ọmọ. Ọkùnrin yìí ò lè fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́nà. Arúgbó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó dúró. Ẹlẹ́rù ń bọ̀, ó dúró. Ìgbín pàápàá, tó jẹ́ pé bó bá kúrò lóko láàárọ̀, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó rí òrùlé ìlú, Dúródèmí á jókòó sórí òkúta kan létí ọ̀nà dè é, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀nà oko jìn, má sáré o.
"Ẹlẹ́sẹ̀ wúwo ń bọ̀ lẹ́yìn."
Ọ̀nà oko jìn, má kánjú o.
"Ẹlẹ́sẹ̀ wúwo ń bọ̀ lẹ́yìn."
Kí la ó bá délé bá ò jọ dé?
"Ẹlẹ́sẹ̀ wúwo ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó dáa, ó tó. Ìdòwú, ohùn rẹ ń ha bí ìkòkò fífọ́.

Orin dùn o, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń dun Dúródèmí. Ní Òkè-Àgbọ́n, ẹnìkan kì í ṣàdédé sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹni tó wà láyé. Yíyá ni wọ́n ń yá orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò mú obì, yóò bu iyọ̀ dání, yóò lọ kúnlẹ̀ níwájú olórúkọ. Bí olórúkọ bá gbà, ọmọ náà di ọmọ orúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè, ọmọ orúkọ yóò gbé ọkọ́ wá sóko bàbá orúkọ rẹ̀, yóò sin ín ní ọjọ́ kan. Ẹni tó bá sì kú tí kò ní ọmọ orúkọ, orúkọ rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀ nìyẹn. Wọn ò ní í pè é mọ́ láyé.

Ọlọ́rọ̀ kan wà níbẹ̀, Ọlátẹ́jú. Ọmọ orúkọ tirẹ̀ ò lóǹkà. Bí ìgbà ebè bá dé, ariwo "ẹ kú iṣẹ́" ni yóò gba oko rẹ̀ kan. Dúródèmí àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, kò rí ọmọ bí. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń tẹ̀ lóko tiwọn.

Lọ́jọ́ kan, Dúródèmí ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ó sú mi. Ta ni yóò yá irú orúkọ yìí? Bí mo bá kú, ó tán nìyẹn."

Àwẹ̀ró ní, "Èmi ń pè é lójoojúmọ́, bàálé mi. Èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

"Bí mo bá darúgbó, ìwọ lo máa bá mi kọ ebè?"

"Ta ló ń bá yín kọ ọ́ báyìí?"

"Ha ha ha!"

Ẹ rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́ ló gbà lọ. Odídẹrẹ́ ló ń tọ́jú orúkọ gbogbo ìlú sínú orí rẹ̀, kì í gbàgbé ẹyọ kan. Dúródèmí ní, "Odídẹrẹ́, gba orúkọ yìí lọ́wọ́ mi. Fún mi ní èyí tó ní ọlá nínú."

Odídẹrẹ́ wò ó lóòró, ó wò ó níbùú. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń gba orúkọ padà lọ́dún, lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu, lójú gbogbo ìlú, kí oòrùn tó kàn wá lórí. Bí o bá pẹ́, ó di àmọ́dún."

"Mi ò ní í pẹ́."

"Ìwọ Dúródèmí?" Odídẹrẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ọdún pé. Àwẹ̀ró ti ṣáájú lọ sílé láti gún iyán. Gbogbo ará abà ń wọ́ lọ sílé. Dúródèmí fi ẹsẹ̀ kan lé ọ̀nà ní ìdájí. Ọlátẹ́jú àti ará ilé rẹ̀ kọjá lára rẹ̀ wìì, wọ́n ní, "Dúródèmí, ta lò ń dúró dè lónìí?"

Ó ní, "Mi ò dúró de ẹnì kankan lónìí!"

Ó tẹ ilẹ̀, ó ń lọ. Ó bá Ìgbín lọ́nà. Ìgbín ní, "Ọ̀rẹ́ mi, èmi rèé o."

"Má bínú, Ìgbín. Tòní kọ́." Ó kọjá. Ó dùn ún dọ́kàn, àmọ́ ó kọjá.

Ìgbín ké sí i lẹ́yìn: "Kì í ṣe èmi ni mo ní kí o dúró dè! Ẹnìkan wà lẹ́yìn mi lọ́hùn-ún tí kò lè rìn tó mi."

"Háà! Ta ni kò lè rìn tó Ìgbín?"

Ohun tí Dúródèmí náà bi ara rẹ̀ nìyẹn, Sùúrù. Ó wo ọ̀nà ilé, ó wo oòrùn. Inú bí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú bí i gan-an. Ó ní, "Orúkọ yìí mà fẹ́ pa mí o!" Ló bá yí padà.

Ìdí igi orógbó kan ló ti rí i. Ìbídùn ni, ìyàwó àkọ́bí Ọlátẹ́jú. Oyún ti tó bí, ọmọ ti ń mú un, ó di gbòǹgbò igi mú. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn fẹ́ lọ gba ìjókòó iwájú.

"Bàbá, ẹ má lọ," ni Ìbídùn ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Mo ti dé." Dúródèmí rí Ẹtu tó ń sáré kọjá, ó ní, "Ẹtu, ẹsẹ̀ rẹ dà? Lọ pe Àwẹ̀ró fún mi, kó má dúró jẹ iyán!" Ẹtu fò, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Dúródèmí ṣẹ́ ewé, ó fi ṣe ìbòòji. Ó bu omi, ó fún un mu. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ló bá ń kọrin:

Ọ̀nà oko jìn, má sáré o.
"Ẹlẹ́sẹ̀ wúwo ń bọ̀ lẹ́yìn."

Àwẹ̀ró dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò pẹ́, igbe ọmọ sọ, ọkùnrin làǹtìlanti. Oòrùn ti kan àtàrí. Wọ́n gbọ́ bí gbogbo ìlú ṣe hó yèè lọ́ọ̀ọ́kán. Dúródèmí gbọ́ ọ, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ìbídùn ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wò?"

"Kò sí nǹkan. Ó di àmọ́dún."

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ọlátẹ́jú wọ aṣọ ńlá, ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ṣáájú, torí ta ni kò mọ orúkọ tí ọmọ máa jẹ́? Ìbídùn jáde síta, obì lọ́wọ́ ọ̀tún, iyọ̀ lọ́wọ́ òsì. Ó rìn kọjá níwájú bàbá ọkọ rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Dúródèmí tó jókòó sẹ́bàá ògiri.

"Bàbá, ẹ yá ọmọ mi lórúkọ yín."

Dúródèmí wo ẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Orúkọ wo?"

"Èyí tó dúró tì mí nígbà tí ọlá lọ jókòó síwájú."

Ọlátẹ́jú sọ orí kọ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi. Ọmọ ọ̀nà ni, ìyá rẹ̀ ló ní ìsọ. Dúródèmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa."

Odídẹrẹ́ ké láti orí òrùlé: "Dúródèmí, ṣé kí n máa retí yín lámọ́dún, láti gba orúkọ yẹn padà?"

Dúródèmí fò dìde. "Gba kí ni? Mo ti yá a jáde! O ò rí obì lọ́wọ́ mi ni?"

"Ha ha! Ó ti gbàgbé!"

Ẹ̀yin ọmọ, láti ọjọ́ náà, ilé Dúródèmí ò dá fún obì àti iyọ̀ mọ́. Gbogbo ìyá ló ń wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ọmọ tí kò ní í fi àwọn sílẹ̀ lọ́nà. Ẹtu yá a fún ọmọ rẹ̀. Ìgbín náà dé, ìyàwó Ìgbín ti bímọ tipẹ́ kí Ìgbín tó rìn dé ibẹ̀. Bí ìyá kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, tó pe "Dúródèmí!", ọmọ gbogbo àdúgbò ló ń jẹ́ "Mà!" Wọ́n wá ń fi kún un: Dúródèmí Ẹ̀yìnkùlé, Dúródèmí Pupa, Dúródèmí Ajọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ wá ń gorí ọjọ́. Dúródèmí darúgbó, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá. Ìgbà ebè dé. Àwọn ọmọ orúkọ rẹ̀ gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n sáré ṣáájú lọ. Bàbá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú Àwẹ̀ró. Ó ní, "Wọ́n á ti kọ ebè dé ìdajì oko kí n tó dé."

Ó yọ sí ibi òkúta tó máa ń jókòó lé láyé ọjọ́sí. Gbogbo wọn ló bá níbẹ̀. Wọ́n kó ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, oòrùn mà ń mú. Ta lẹ̀ ń dúró dè?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Dúródèmí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní eruku kó sí òun lójú.

Àwẹ̀ró ní, "Eruku wo? Ṣebí òjò rọ̀ lánàá."

Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí àlọ́ yìí ń kọ́ wa ni pé ìwà ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ló ń sọ orúkọ di ńlá. Ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo sílẹ̀ lọ́nà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹsẹ̀ tiyín náà á wúwo.

Ibi tí àlọ́ mi ti délé nìyí, ó ti fọ ẹsẹ̀, ó ti na ẹ̀yìn. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi já kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Kò ní í já o, Ìyá Àgbà!"

Àṣẹ. Ó yá, ẹ ká ẹní. Ìdòwú, ibo lò ń sáré lọ? Sùúrù ti sùn lọ. Padà wá jí i, kí ẹ jọ wọlé.