Ìlà Ẹfun Lára Ògiri

Obìnrin ológì kan wà tí kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa pàṣẹ fún òun nínú ilé òun. Èyí kò burú. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́ ògì fún ọdún mẹ́rìnlélógún, tó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta títí wọ́n fi lọ sílé ọkọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ọ bí òun yóò ṣe dúró nínú àgbàlá òun.

Nígbà tó ku ọdún kan kó pé ẹni àádọ́ta, àrùn jẹjẹrẹ mú un lọ́mú ọ̀tún. Wọ́n gé ọmú náà. Wọ́n fa oògùn sí i lára títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi re. Ó là á já, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún tó fi ń sẹ́ ògì gan paali. Dókítà ní ojú ibi tí wọ́n gé ló ń súnkì. Ó ní bí kò bá máa na apá náà lójoojúmọ́, yóò dé ọjọ́ kan tí kò ní í lè gbé e kọjá èjìká mọ́.

Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn yẹn ní ẹgbẹ́ kan. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ aláriwo. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń so ara wọn pọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì so ọ́ mọ́ ni ìkejì rẹ. Láràárọ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á dojú kọ ògiri, á máa fi ìka rìn gòkè lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí alángbá, títí apá yóò fi dé ibi tí kò lè kọjá mọ́. Èkejì á fi ẹfun fa ìlà síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a wò ó bóyá ìka ti kọjá ìlà àná. Lẹ́yìn náà, wọn a pààrọ̀ ara wọn, wọn a lọ sí ògiri ilé èkejì.

Ìyá ẹgbẹ́ sọ ọ́ kedere lọ́jọ́ tó so ológì mọ́ ìkejì rẹ̀. Ó ní, “Òun á di ẹfun mú fún ọ, ìwọ náà á di ẹfun mú fún un.” Ológì gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Kò gbọ́ èkejì, nítorí ó ti ń wo ẹni tí wọ́n so òun mọ́, inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà. Ọmú òsì ni wọ́n gé ní tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílùú tó jìn, òun nìkan ló ń gbé ilé. Ó fi ọdún mẹ́fà ju ológì lọ, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì dà bíi pé kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé agogo ìparí ti dún. Ojoojúmọ́ ló ń dé sí àgbàlá ológì, kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú ẹfun nínú àpò.

“Ìyá Mosún, o ti jí?”

“Mo ti jí, Tíṣà. Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Ìwọ lo jí, apá ò tíì jí. Bọ́ sí ògiri.”

Ológì á fi ògì sílẹ̀, á nu ọwọ́, á bọ́ sí ògiri. Á máa fi ìka rìn gòkè, á máa ké.

“Tíṣà, ó ń dùn mí.”

“Mo mọ̀. Ìka kan sí i.”

“Mo ní ó ń dùn mí!”

“Mo gbọ́. Fi ìka kan sí i, kó o tó sunkún.”

Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, Tíṣà ò ní í lọ. Á dúró lórí ìkòkò ògì. Á ní ògì ti kan jù. Á ní ó dà bíi pé eèrí ṣì wà nínú rẹ̀. Á ní bí òun bá jẹ́ ológì, aṣọ tó nípọn ju èyí lọ lòun ì bá fi sẹ́ ẹ. Tíṣà yìí kò sẹ́ ògì rí láyé rẹ̀ o, rírà ló ń rà á.

Ohun tó tún ń bí ológì nínú ni ọwọ́ òsì Tíṣà. Ọ̀tún ló fi ń di ẹfun mú. Òsì a wà nínú ìdì ìró nígbà gbogbo, bíi ti ọ̀gá tó wá yẹ ilé ìwé wò. Kì í yọ ọ́ síta, kì í fi lé eṣinṣin pàápàá. Ológì máa ń wo ọwọ́ yẹn, á ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ìgbéraga ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà sọ pé, “Ilé mi ò jìnnà o. Ìwọ náà lè yà lọ́jọ́ kan.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ológì dáhùn pé àwọn oníbàárà ń dúró. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ń rò ó pé, ẹni tó ti sọ ilé mi di kíláàsì, ṣé mo tún máa lọ bá a nílé kó fún mi níṣẹ́ àṣetiléwá ni?

Ó lọ bá ìyá ẹgbẹ́ nígbà méjì pé kí wọ́n pààrọ̀ ìkejì òun. Ìyá ẹgbẹ́ bi í pé, “Apá rẹ ń gòkè àbí kò gòkè?” Ó ní ó ń gòkè. Ìyá ẹgbẹ́ ní kó máa lọ sílé.

Apá náà ń gòkè lóòótọ́. Ìlà ẹfun gun ògiri láti ibi àyà, ó kọjá èjìká, ó kọjá orí, títí ó fi kù díẹ̀ kó bá àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn dọ́gba. Ó gbà wọ́n tó oṣù mẹ́rin. Ológì tún ń sẹ́ ògì rẹ̀ bó ṣe fẹ́, ó sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ara òun ló tètè yá.

Ìtọ́jú tó kù fún àwọn méjèèjì ni ti ẹ̀rọ onítànṣán, èyí tó ń jó ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àrùn náà. Ìlú mìíràn ni ẹ̀rọ yẹn wà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá fún wọn, wọ́n sì jọ lọ. Tíṣà bá awakọ̀ ṣe àríyànjiyàn lójú ọ̀nà títí wọ́n fi dé. Ológì fi gèlè bo ojú, ó ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà rọrùn láti sọ. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, á gbé apá ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé sókè kọjá orí, á sì fi síbẹ̀ láìmì. Apá tí kò bá gòkè yóò bo ibi tó yẹ kí ìtànṣán gbà wọlé.

Ológì ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ní kó gbé apá, ó gbé e. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà yìn ín. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ta ló ń bá yín nà án?” Ológì ní ara òun ló yá. Ẹ gbọ́ nǹkan! Obìnrin tó fi oṣù mẹ́rin rìn wá sílé rẹ̀ láràárọ̀ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀, ológì wá ń sọ pé ara òun ló yá.

Ó jáde, Tíṣà wọlé. Kò pẹ́ tó àkókò tí ènìyàn máa fi mu ife ẹ̀kọ kan tí Tíṣà fi tún jáde.

“Wọ́n ti ṣe tán?”

“Wọn ò ṣe é.”

Ní ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin, Tíṣà yọ ọwọ́ òsì kúrò nínú ìdì ìró, ó gbìyànjú láti gbé e sókè. Ó dé ibi àyà, ó dúró. Ojú Tíṣà le.

“Wọ́n ní kí n lọ, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí kò bá gòkè nígbà yẹn, wọn ò ní í lè fi mí sábẹ́ ẹ̀rọ. Dókítà sì ní kò dáa kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ohun tó ṣẹ́ kù má baà tún hù.”

Inú bí ológì débi tó fi jágbe mọ́ ẹni tó jù ú lọ.

“Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí n sinmi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi ìka kan sí i bí ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò máa ṣe tiyín nílé?”

“Mo ń ṣe é. Bó bá ti dùn mí, mo máa ń dúró. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi pé ìka kan sí i.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó o yà,” ni Tíṣà wí. “Ìgbà wo lo bi mí pé, Tíṣà, apá yín ńkọ́?”

Ológì la ẹnu, ó fẹ́ dárúkọ ọjọ́ kan. Ó wá ọjọ́ náà nínú oṣù mẹ́rin, kò rí i. Ó ti ka gbogbo àléébù obìnrin yìí, ó mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò béèrè apá rẹ̀ rí. Ojú tì í gidigidi, kò sì lè wò ó lójú mọ́ títí wọ́n fi délé.

Tíṣà náà kò ṣeé gbè lẹ́yìn tán. Ẹnu tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pàṣẹ, ó wúwo fún un láti fi bẹ̀bẹ̀. Ó ń dọ́gbọ́n sọ ọ́, ó sì ń retí kí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìyá ẹgbẹ́ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, bí ológì bá ní etí.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ológì bo ìkòkò ògì rẹ̀, ó sì lọ sílé Tíṣà. Lára ògiri yàrá, ó rí ìlà ẹfun kan ṣoṣo níbi àyà. Tíṣà ti kọ déètì sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó dọ́gba, tó mọ́: ọjọ́ tó ti iṣẹ́ abẹ dé. Kò sí nǹkan kan lókè ìlà náà. Ológì rántí ògiri tirẹ̀ nílé, tí ìlà kún bí ìwé ọmọ iléèwé. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ bọ́ sí ògiri, mà.”

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu tíì.”

“Ẹ ó mu ún tẹ́ ẹ bá ṣe tán.”

“O ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹfun mú. Wò ó, o ti fọ́ ọ.”

“Tíṣà, ìka kan sí i.”

“Ìyá Mosún, o ń pariwo lé mi lórí nínú ilé mi!”

“Mo gbọ́. Ìka kan sí i.”

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó le bíi Tíṣà. Ó ń jiyàn, ó ń ṣe àwáwí, ó ń sọ pé ògiri ò dọ́gba. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ológì binú jáde dé ẹnu ọ̀nà kó tó padà. Ṣùgbọ́n ìlà kejì ti wà lára ògiri láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìlà kẹta tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń gòkè, àwọn mìíràn kò ju fífẹ̀ ìka lọ. Ológì ń kọ déètì sábẹ́ wọn pẹ̀lú ọwọ́ tó rí wúruwùru. Tíṣà ń tún un kọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, wọ́n jọ padà lọ. Wọ́n ní kí Tíṣà gbé apá. Ó gbé e. Kò gún bíi ti ológì, ó tẹ̀ díẹ̀ níbi ìgúnpá, ṣùgbọ́n ó gòkè tó. Wọ́n gbà á wọlé. Ológì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbàdúrà kí wọ́n má tètè lé e jáde, wọn kò sì lé e. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Tíṣà tún bá awakọ̀ jà. Ológì ò bo ojú mọ́, ó bá a dá sí i.

Ìwọ wá ńkọ́, ìwọ tó o ti jókòó sórí àga mi láti àárọ̀, tó o ní kí èmi tí mo jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ lónìí yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ẹgbẹ́? O ti sọ fún mi pé ìkejì rẹ ń sọ̀rọ̀ jù. O ní ó ń fi orin dí ọ létí, ó ń ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ wò, kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Mo jẹ́ kó o sọ ọ́ tán. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ẹni tó ń wẹ tiwa nìkan la sì máa ń rántí, a tún máa ń sọ pé kò wẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Mo bi ọ́ pé apá òun náà ńkọ́, o ní o ò tíì bi í. Mo tún bi ọ́, o ní o máa béèrè. Ìgbà wo? Ṣé ìgbà tí wọ́n bá lé e kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ni? Dìde, máa lọ. Ẹfun wà lójú fèrèsé yẹn, mú ọ̀kan. Kó o tó yọ orúkọ rẹ, lọ wo ògiri rẹ̀.