Òkété àti Kòtò Ẹnu Ọ̀nà Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fẹsẹ̀ kọ, ó takìtì, ó já sí kòtò kan lẹ́nu ọ̀nà ilé Òkété. Ẹ jẹ́ ká lọ fà á jáde.

Ní ìgbà kan rí, Òkété kọ́lé sójú ọ̀nà ọjà. Kò kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹranko gidi. Ó fi ọgbà yí ọ̀nà náà ká, ó ní ọ̀nà àbáwọlé òun nìyẹn. Gbogbo ẹranko tó bá ń lọ sọ́jà, inú ọgbà Òkété ni wọ́n ń gbà kọjá.

Nígbà tí òjò dé, ọ̀gbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ̀nà náà. Kòtò kékeré, kòtò ńlá. Omi kún inú wọn, o ò mọ èyí tó jìn. Àwẹ̀ró, ìyàwó Òkété, ní, "Baálé mi, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí kòtò yìí, kí ẹnì kan má baà dá lẹ́sẹ̀."

Òkété ní, "Màá ṣe é lọ́la."

Ẹ mọ ọ̀la yẹn. Ó wà nílé tiyín náà.

Ó di ọjọ́ kan, Ewúrẹ́ ru iṣu, ó ń kọjá lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ kòtò, iṣu fọ́n ká. Òkété sáré jáde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ewúrẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ ò rọ́?"

"Kò rọ́. Bá mi ṣa iṣu mi."

"Iṣu wo? Ohun tó bá já bọ́ sínú ọgbà mi, tèmi ni."

"Ta ló ṣòfin yẹn?"

"Ẹni tó lọ́gbà ni."

Ewúrẹ́ lọ fẹjọ́ sun Àgbò tó jẹ́ baálẹ̀. Àgbò ń jẹ àpọ̀jẹ lọ́wọ́. Ìgbà tó gbé e mì tán, ó ránṣẹ́ pe Òkété. "Ṣé òfin rẹ nìyẹn lóòótọ́? Kò ní yí padà tó bá dọ̀la?"

"Kò ní yí padà láéláé, Kábíyèsí."

Baálẹ̀ lásán ni Àgbò o, Òkété ló sọ ọ́ di ọba.

Àgbò ní, "Ó dáa. Gbogbo wa la gbọ́."

Láti ìgbà náà ni Òkété ti pa oko tì. Bí ọjọ́ ọjà bá ti ń sún mọ́lé, á gbé ṣọ́bìrì, á gbẹ́ kòtò náà kó tún jìn sí i. Ọ̀bọ ṣubú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹtu da èlùbọ́ sínú omi, Òkété ní ó ṣeun, ó tilẹ̀ ti bá òun ro àmàlà. Àká Òkété kún dẹ́nu.

Ìgbà tó yá, ó gbọ́ pé Erin ń gbé àgbàdo lọ sọ́jà, apẹ̀rẹ̀ kan tó tóbi bí ahéré. Òkété ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó gbẹ́ kòtò títí orí rẹ̀ ò fi yọ síta mọ́.

Erin dé. Gbìì! Ó wọlẹ̀ dé ìbàdí. Àgbàdo bo gbogbo ọgbà.

Òkété ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n Erin. Ẹ ti gbọ́ òfin wa níbí, àbí? Àgbàdo ti di tèmi."

"Mo ti gbọ́," Erin dáhùn. "Èmi náà ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ṣebí èmi náà já bọ́ sínú ọgbà rẹ. Tìẹ ni mí. Kí la fẹ́ jẹ lọ́sàn-án?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jáde, ẹ máa lọ."

"Kí n lọ síbo? Mo ti délé."

Òkété sáré tọ Àgbò lọ. Àgbò jẹ àpọ̀jẹ, ó gbé e mì. Ó ní, "Lọ fún nǹkan rẹ lóúnjẹ."

Erin jẹ àgbàdo tán, ó bèèrè iṣu. Ó jẹ iṣu tán, ó ní ṣé kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Àwọn ọmọ Òkété dúró, wọ́n ń wò ó lẹ́nu. Àwẹ̀ró wọ inú àká, ó jáde, ó ní, "Baálé mi, ó ku àmù omi. Kí làwọn ọmọ yìí máa jẹ lálẹ́?"

Ìgbà yẹn ni Òkété tó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Erin, mo ti gbé òfin náà kúrò. Ẹni tó bá ṣubú, kó ṣa ẹrù rẹ̀, kó máa lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣa ara yín."

Erin gbìyànjú, kò lè jáde. Ó ti sanra sí i.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ dí kòtò náà. Ẹ da òkúta sí i lábẹ́ ẹsẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́, kó máa gòkè."

Òkété ru òkúta wẹ́wẹ́ láti odò. Kò tíì rìn jìnnà nínú ọgbà tó fi já sí kòtò kékeré kan. Òkúta fọ́n ká. Ewúrẹ́ wà lẹ́yìn ọgbà, ó na ọrùn wò ó. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹsẹ̀ ò rọ́?"

Bó ṣe di pé ó kọ́kọ́ dí gbogbo kòtò kékeré nìyẹn, kó tó lè dé ọ̀dọ̀ Erin. Ó ń da òkúta, ó ń da ilẹ̀ pupa lé e. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Erin, gbẹ́sẹ̀ sókè o!
*Tẹ̀ ẹ́ kó le.*
Òkété, da yẹ̀pẹ̀ sí i!
*Tẹ̀ ẹ́ kó le.*
Ebi ń pa onílé o!
*Tẹ̀ ẹ́ kó le.*

Díẹ̀díẹ̀, Erin gòkè. Ó bọ́ síta, ó gbọn ara, ó rìn lọ rìn bọ̀ lórí ọ̀nà náà títí ó fi tẹ́jú bí ọwọ́ mi yìí. Òkété wá gbé ọkọ́, ó forí lé oko tó ti pa tì. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ti pàdé Ewúrẹ́ tó ru iṣu tuntun. Ewúrẹ́ ń yan, ó ń kọrin. Kò tilẹ̀ fọwọ́ di iṣu náà mú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá sọ ìṣubú ẹlòmíì di oúnjẹ, ẹni tí kò ní lè bọ́ máa ṣubú sí i lọ́rùn lọ́jọ́ kan. Ká tètè dí kòtò wa. Mi ò bá ẹnì kankan wí o. Àmọ́, Bàbá Adétòkun, bí mo ṣe ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo ti igi bọ omi ẹnu ọ̀nà yín kí n lè mọ bó ṣe jìn tó. Igi náà ò tíì padà.