Omi Inú Àpáta Òkè Òyì

"Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ẹni tí ojú rẹ̀ kò fọ́, báwo ni kò ṣe ní í fi ríran? Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde. Ìbínú ló bí i.

Láṣebìkan, ará ìlú ẹ̀bá odò kan, fẹ́ràn ìrìn àjò. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ ti sú u. Àwọn abúlé orí òkè tí ẹsẹ̀ àlejò kì í sáábà dé ló fẹ́ rí, kó lè rí nǹkan fi yangàn nílé. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ló gun Òkè Òyì. Ìyá àgbà kan, Ìbídùn, gbà á sílé, ó sun iṣu fún un, ó sì bu omi fún un nínú ahá kékeré. Láṣebìkan wo ahá náà, ó ní nínú ara rẹ̀ pé àwọn ará òkè yìí mà láhun o.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń rìn kiri, ó rí kòtò kan nínú àpáta tí omi rẹ̀ mọ́ gaara, tí wọ́n to òkúta funfun yí ká.

"Ibí yìí mà lẹ́wà o!"

Ó rékọjá òkúta, ó wẹ̀ nínú omi náà, ó sì fọ aṣọ rẹ̀ tó kún fún eruku.

Ìbídùn bá a níbẹ̀. Igbe rẹ̀ kó gbogbo abúlé jáde.

"Omi tí à ń mu nìyẹn! Òun nìkan ló kù lórí òkè yìí títí òjò yóò fi rọ̀!"

"Ìyá, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"O ò rí ahá tí mo fi bu omi fún ọ? O ò rí ètè àwọn ọmọdé tó bó? O ò rí òkúta tí a tò?"

"Mo rí i. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni."

"Ọ̀ṣọ́! Ìyàwó ọmọ mi bímọ níjẹta. Kí ni yóò mu?"

Àwọn ará abúlé kò na Láṣebìkan. Wọ́n da aṣọ tútù rẹ̀ lé e léjìká, wọ́n lé e sọ̀kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n ti ń pọnmi. Ibẹ̀ ni Ìbídùn ti ṣubú, itan rẹ̀ kán, kò sì rìn mọ́. Bí àwọn tó wá kí i bá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, kò mọ̀ ni," a máa fi ìkanra dá wọn lóhùn:

"Ta ló ní kò mọ̀? Gbogbo rẹ̀ ló wò!"

Lónìí, ẹ̀rín la fi ń pa òwe náà, bí ẹni ń bá àlejò bẹ̀bẹ̀. Ìbídùn ò bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Ẹjọ́ ló ń rò, lórí ẹní tí kò ti lè dìde mọ́: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.